Ìwé àkọsílẹ̀ àdúrà tí mo rà ní Kabba: bébà ẹ̀ ò dáa, àmọ́ mi ò dá a padà

Ẹ òkun o, ẹ̀yin ará. Oṣù kìíní ni mo ra ìwé yìí ní ṣọ́ọ̀bù ìwé ẹ̀sìn kan ní Kabba, N2,500. Wọ́n tẹ Hábákúkù 2:2 gàdàgbà sí iwájú ẹ̀. Tó o bá ṣí i, apá òsì lo máa kọ ohun tó o béèrè sí, apá ọ̀tún ni ti ìdáhùn, àyè kékeré kan wà fún déètì. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ká sòótọ́, wọn ò ṣe é dáadáa. Bébà ẹ̀ fẹ́lẹ́, báírò máa ń là á já sẹ́yìn, oṣù kejì ni ewé ẹ̀ ti ń já bọ́, abẹ́rẹ́ àti òwú ni mo fi gán an padà.

Fún bí oṣù méjì apá òsì kún, apá ọ̀tún funfun báláú, mo ti fẹ́ẹ̀ jù ú nù. Àṣé èmi ni mo ti pinnu bí ìdáhùn ṣe máa rí kó tó dé. Mo kọ ọ́ pé kí Olúwa wo orúnkún màmá mi sàn pátápátá, torí náà níwọ̀n ìgbà tí màámi ò bá tíì máa fò sókè, mi ò ní kọ nǹkan kan.

Iyara ni wọ́n ń gbé. Ilé wọn ò jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n máa ń dúró sinmi: ìdí igi káṣú, iwájú ilé onígàrí, àti ẹ̀gbẹ́ gọ́tà tí wọ́n á ti di èjìká mi mú kí wọ́n tó lè dá a kọjá. Sọ́ńdè kan nínú oṣù kẹta a dé ṣọ́ọ̀ṣì, a jókòó, ni wọ́n bá ní, "O ò rí i pé mi ò dì ọ́ léjìká mú lónìí?" Ẹ̀ẹ̀kan péré la dúró lóòótọ́, ìyẹn náà torí kí wọ́n lè kí onígàrí ni, èmi tí mò ń gbàdúrà ò sì kíyè sí i! Ìgbà tí wọ́n ń gba ọrẹ lọ́wọ́ ni mo yọ ìwé jáde nínú báàgì, mo kọ ọ́.

Ẹ rántí afọ́jú Bẹtisáídà nínú Máàkù orí 8, ìgbà àkọ́kọ́ tí Jésù gbọ́wọ́ lé e, ó ní òun ń rí èèyàn bí igi tó ń rìn. Ká ní èmi ni mò ń bá a kọ ìwé àdúrà ẹ̀, "kò tíì dáhùn" ni mi ò bá kọ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò ríran rárá tẹ́lẹ̀ ti ń rí èèyàn bí igi.

Ibi tí mo ti bínú sẹ́ni tó ṣe ìwé yìí nìyẹn, déètì kan ṣoṣo ló fi àyè ẹ̀ sílẹ̀. Ti màámi ti di mẹ́rin, ṣẹ́lótéèpù ni mo fi lẹ bébà mọ́ ọn. Kò tún sí àyè fún "rárá", rárá sì wà nínú tèmi, méjì.

Àmọ́ kéèyàn má ya wèrè o. Mo kọ "iná dé" síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin mi rẹ́rìn-ín títí, ó ní ṣé gbogbo àdúgbò ló bá mi gbàdúrà ni. Mo fa ìlà sí i lórí.

Màámi ti ní kí n ra ẹyọ kan bọ̀ fún òun náà, tí mo bá tún lọ sí Kabba, kí n wò ó bóyá wọ́n ní èyí tí ìlà ẹ̀ fẹ̀, torí ojú.