Jẹ́lé-ó-sinmi ìjọba méjì nílùú wa: èwo ni kí ẹ mú ọmọ lọ?

Ẹ̀yin òbí tó ń bi mí láti ìgbà tí ìwọlé ti ń sún mọ́lé, ẹ wá gbọ́. Ìlú wa ní Ìjùmú kò tóbi. Jẹ́lé-ó-sinmi ìjọba méjì péré la ní, ọ̀kan lẹ́bàá ọjà, ọ̀kan lókè lọ́hùn-ún. Àkọ́bí mi lọ sí ti ọjà. Àbúrò rẹ̀ wà lókè báyìí.

Owó: ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, àfi owó PTA àti ìgbálẹ̀ tí wọ́n á ní kí ọmọ mú wá. Oúnjẹ: ẹ dì í fọ́mọ yín, torí kíláàsì kìíní sí ìkẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni oúnjẹ ọ̀fẹ́ ìjọba wà fún. Ilé: ti ọjà ló rẹwà jù, ọ̀dà tuntun, àwòrán erin lára ògiri. Ti òkè ń jò nígun kan.

Ibi tó dùn mí rèé. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ní kí ọmọ tó wà lọ́wọ́ olùkọ́ kan má ju 25 lọ. Lọ́dún tí àkọ́bí mi fi wà lẹ́bàá ọjà, ojoojúmọ́ ló ń fi àmì ẹní bọ̀ wálé lẹ́rẹ̀kẹ́. Mo ní oorun ọ̀sán ni. Lọ́jọ́ kan mo yà síbẹ̀ láago mẹ́wàá ààbọ̀, n ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ 41 ni mo kà lórí ẹní mẹ́ta, ọmọbìnrin kíláàsì karùn-ún kan mú pàṣán dúró tì wọ́n: "Ẹ dijú!" Àǹtí wọn wà ní kíláàsì kìíní, ó ń bá tíṣà tí kò wá kọ́ wọn. N ò bá a jà. Ara rẹ̀ kò lè pín sí méjì. Ṣùgbọ́n ọmọ mi lo ọdún kan gbáko, kò ka A dé D. Owó lẹ́sìnnì tí mo fi tún un ṣe, 3,000 náírà lóṣooṣù, fún odindi ọdún kan.

Lókè, ọmọ 19 ni wọ́n, àǹtí wọn kì í sì í kúrò lọ́dọ̀ wọn. Òkúta wẹ́wẹ́ ló fi ń kọ́ wọn níṣirò, ẹnu ilé wa ló sì ń sọ sí wọn. Ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà kíkọ́ ọmọ lédè abínibí ní oṣù kọkànlá 2025. Bóyá ìròyìn yẹn kò tíì gòkè dé ọ̀dọ̀ àǹtí.

Méjèèjì ló dára o. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jà, tó lè máa yọjú wo ọmọ láago mẹ́wàá ààbọ̀ lójoojúmọ́, ti ọjà á rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹni tó bá ń lọ sókè, kó bá ọlọ́kadà dúnàádúrà oṣooṣù, kó sì fún ọmọ ní bọ́kẹ́ẹ̀tì kan mú lọ nígbà òjò. Igun tó ń jò yẹn ni wọ́n máa gbé e sí.