Peugeot 504 píkọ́ọ̀pù lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ìdúró: ohun tí mo rí kí ó tó ṣiṣẹ́ padà

Mo fẹ́ sọ ìrírí mi nípa Peugeot 504 píkọ́ọ̀pù, èyí tó ń lo bẹntiróòlù. Abẹ́ igi máńgòrò ni tiwa wà ní ẹ̀yìnkùlé ẹ̀gbọ́n bàbá mi, kò sì sẹ́ni tó wà á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo gbà á lọ́wọ́ ẹbí, mo tún un ṣe, òun ló sì ń kó ẹ̀gẹ́ mi láti oko wá síbi tí a ti ń yan gàrí báyìí. Bí irú rẹ̀ bá wà nílé yín, tí ẹ sì fẹ́ tà á fáwọn tó ń ra irin àlòkù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù ná.

Ọdún 1979 ni píkọ́ọ̀pù 504 jáde. Ní Nàìjíríà, Kàdúná ni wọ́n ti ń to ọkọ̀ Peugeot láti 1975, 504 sì kún ìgboro débi pé àwọn àgbà mẹ́káníìkì mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Ẹ máa rí ẹ̀yà ara rẹ̀ ní Ládípọ̀ ní Muṣin, ẹ máa rí i ní Gate ní Ìbàdàn. Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ jù ni pé kò sí kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀, kò sì sí ohun tí kò ṣeé tú. Inú láínà, ìyẹn ọ̀pá irin oníhò tó wà nínú ẹ́ńjìnnì, ni písítìnì ti ń lọ tó ń bọ̀, omi sì yí láínà náà ká. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, wọ́n á fà á yọ, wọ́n á fi òmíràn sí i, láìpààrọ̀ odindi ẹ́ńjìnnì.

Bàbá mẹ́káníìkì tó bá mi ṣe é kò jẹ́ kí n tan ọkọ̀ náà wò rárá. "Ọmọ mi, má tíì fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ o. Jẹ́ ká fọwọ́ yí i ná." Bí ẹ́ńjìnnì bá pẹ́ nílẹ̀, ríìngì, ìyẹn òrùka irin tó yí písítìnì ká, a máa lẹ̀ mọ́ ara láínà nítorí ìpẹtà. Ẹni tó bá fi bátìrì tì í tipátipá lè ṣẹ́ ríìngì tàbí kí ó ha láínà. Bàbá tú plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, wọ́n wá fi sípánà mú irin iwájú ẹ́ńjìnnì, wọ́n ń yí i díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tó gbà, inú mi dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Wọ́n da ọ́ìlì àtijọ́ nù, wọ́n pààrọ̀ fíltà, wọ́n sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yí láìsí plọ́ọ̀gì nínú rẹ̀ títí iná ọ́ìlì fi kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sọ pé ọ́ìlì ti dé ibi gbogbo.

Ọ̀rọ̀ epo ló gba iṣẹ́ jù. Bẹntiróòlù tó pẹ́ nílẹ̀ a máa ki bí oje igi, òórùn rẹ̀ á sì yàtọ̀ pátápátá. Ó ti dí páìpù, ó ti dí àwọn ihò tín-tìn-tín inú kábúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ atẹ́gùn fún ẹ́ńjìnnì, ìpẹtà sì ti wà nísàlẹ̀ táǹkì. Wọ́n sọ táǹkì kalẹ̀, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n pààrọ̀ rọ́bà inú pọ́ǹpù epo tó ti gbẹ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wáyà gún ihò kábúrétọ̀, torí bó bá fẹ̀ sí i, epo tí ọkọ̀ ń mu kò ní wọ̀n mọ́. Epo mímọ́ àti atẹ́gùn ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́. A kò tíì lo epo inú táǹkì nígbà àkọ́kọ́ tó tan. Inú kẹ́ẹ̀gì kékeré ni pọ́ǹpù ti ń fà á.

Ní ti iná, ojú kọ́ńtáàtì inú dísíríbútọ̀, ohun tó ń pín iná fún àwọn plọ́ọ̀gì, ti dọ̀tí. Sáńpépà tó kúnná ni wọ́n fi nù ún, wọ́n sì fi àlàfo 0.4 mm sílẹ̀ fún un. Ẹ kíyè sí èyí dáadáa: 1-3-4-2 ni iná ń tò láti sílíńdà kan sí èkejì, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn, lápá gíà, ni sílíńdà kìíní wà, kì í ṣe iwájú. Ọ̀dọ́ mẹ́káníìkì tó jẹ́ ọkọ̀ Japan nìkan ló mọ̀ lè to wáyà náà sódì. Nígbà tó tan, èéfín bolẹ̀ nítorí ọ́ìlì tí a kán sínú rẹ̀, ó sì mọ́ nígbà tó yá.

Bíréèkì ló jẹ owó mi jù, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Omi bíréèkì a máa fa ọ̀rinrin mọ́ra, ọ̀rinrin yẹn ló sì ń mú kí irin inú rẹ̀ pẹtà. A pààrọ̀ másítà tó ń ti omi bíréèkì lọ sí àwọn táyà, àwọn sílíńdà kékeré inú dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìn, àti gbogbo rọ́bà tí omi bíréèkì ń gbà kọjá. Ayédèrú ni rọ́bà tí ẹnìkan kọ́kọ́ tà fún mi. Kò pẹ́ tó fi wú nínú omi bíréèkì, tí táyà kan sì há. Ó dùn mí gan-an, torí ẹ̀mí èèyàn ló wà nídìí bíréèkì. Ẹ mú mẹ́káníìkì yín dání tí ẹ bá ń lọ rà á.

Ẹ má tan ara yín lórí táyà tí ojú rẹ̀ ṣì jinlẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: 2312 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2012. Gbogbo tèmi ni mo yọ dànù.

Nísinsìnyí, ó ń gbé ẹrù tó lé ní tọ́ọ̀nù kan, àwọn irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn kò sì ráhùn lójú ọ̀nà oko. Síárìn rẹ̀ wúwo bí ẹ bá ń yí i lójú kan. Ó ń mu epo, láti ìgbà tí wọ́n sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, n kò lè gba ẹni tó ń sáré kiri Èkó lójoojúmọ́ níyànjú pé kó rà á. Àgbẹ̀ tàbí oníṣòwò tó ń ti oko lọ sọ́jà ni mo rò pé ó bá mu.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ fi sikurú-díráfà gún ṣáásí, ìyẹn irin gbọọrọ tó gbé ọkọ̀ dúró, níbi tí irin pẹlẹbẹ ẹ̀yìn ti so mọ́ ọn, ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, kí ẹ sì fi nọ́ńbà ṣáásí wé ti inú ìwé ọkọ̀. Ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ dírẹ́bà ti jẹ nínú tèmi, wọ́n ní láti jó irin tuntun mọ́ ọn. Wáyà iná ẹ̀yìn tí eku jẹ ló kù báyìí. Títí rìwáyà yóò fi parí rẹ̀, mi ò ní wà á lálẹ́.