Mo Tún Queen Seondeok Wò, Mo Gbé Ìwé Ìtàn Sílẹ̀ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mi

Inú síídì ni fíìmù yìí wà nígbà tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Ìpín bíi mẹ́wàá ni wọ́n há sínú àwo kan ṣoṣo, àwòrán á máa gbọ̀n, Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ rẹ̀ ò sì bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ mu. Àǹtí mi, àbúrò màmá mi tí wọ́n ń ta aṣọ n'Íbàdàn, ni wọ́n rà á. Tí iná bá ti lè dé báyìí, ó parí, kò sẹ́ni tó máa sùn mọ́. Màmá mi ò rí ojú ka ìwé ìsàlẹ̀ yẹn, àmọ́ ìpín kejì ni wọ́n ti mọ̀ pé ìkà ni Mishil, obìnrin alágbára tó wà láàfin inú fíìmù náà. "Ẹ wo bó ṣe ń gbé irun ojú kan ṣoṣo sókè," ni wọ́n á máa wí. "Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín báyẹn, ẹ má jẹun lọ́wọ́ ẹ̀ o."

Ọdún 2009 ni ilé iṣẹ́ MBC ti Kòríà Gúúsù gbé Queen Seondeok jáde, ìpín 62. Lóṣù tó kọjá, mo tún un wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tó yàtọ̀ lọ́tẹ̀ yìí ni pé mo gbé ìtumọ̀ ìwé ìtàn wọn méjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: Samguk Sagi, tí Kim Bu-sik àti àwọn akọ̀wé ọba parí lọ́dún 1145, àti Samguk Yusa, tí Iryeon, àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà, kọ ní ọ̀rúndún kẹtàlá. Ìjà àtijọ́ ni mo fẹ́ parí. Nígbà yẹn, àǹtí mi máa ń sọ pé gbogbo ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀, èmi á ní irọ́ ni. Tó bá jẹ́ àlọ́ ni, apàlọ́ á kọ́kọ́ ké "Ààlọ́ o!", àwa náà á dáhùn "Ààlọ̀!", gbogbo wa á ti mọ̀ pé Ìjàpá ń bọ̀. Fíìmù ará Kòríà yìí ò ké àlọ́ fún wa. Ó kàn gbé ọba tó jẹ ní tòótọ́ síwájú wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú òótọ́ ibẹ̀ kúrò nílẹ̀ kíá. Deokman, ìyẹn Queen Seondeok fúnra rẹ̀, wà lóòótọ́. Ọmọ Ọba Jinpyeong ti Silla, ìjọba kan ní Kòríà àtijọ́, ni. Ó gorí ìtẹ́ lọ́dún 632, ó wàjà lọ́dún 647, obìnrin kankan ò sì jọba níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ọ̀gágun Kim Yu-sin wà. Ìdílé ọba Gaya, ìjọba kékeré kan tí Silla gba ilẹ̀ wọn lọ́dún 532, ló ti wá. Kim Chunchu, ọmọ Cheonmyeong tó jẹ́ arábìnrin Deokman, wà. Òun náà padà jọba lọ́dún 654. Cheomseongdae, ilé òkúta tó dà bí ìgò, tí wọ́n ní wọ́n fi ń wo ìràwọ̀, ṣì dúró ní Gyeongju dòní, ó ga tó mítà mẹ́sàn-án, Samguk Yusa sì ní ìgbà Deokman ni wọ́n kọ́ ọ. Àwọn Hwarang, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin jagunjagun Silla, tí wọ́n ń lé àtíkè, tí gbogbo wa fi rẹ́rìn-ín nígbà yẹn? Òótọ́ ni. Samguk Sagi ní ọmọkùnrin tó lẹ́wà ni wọ́n máa ń yàn, wọ́n á sì ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àǹtí mi.

Èyí tó kù, ẹ rọra. Fíìmù ní ìbejì ni Deokman àti Cheonmyeong, wọ́n gbé Deokman sá lọ sí aṣálẹ̀ Taklamakan ní ìkókó, ó padà wálé, ó múra bí ọkùnrin, ó wọ ẹgbẹ́ àwọn Hwarang. Kò sí ìkankan nínú ìwé méjèèjì. Àsọtẹ́lẹ̀ kan ló fa gbogbo rẹ̀, pé bí ọba bá bí ìbejì, ọkùnrin á tán nínú ìran Seonggol. (Ọjọ́ tí wọ́n ka àsọtẹ́lẹ̀ yẹn nílé wa, ńṣe ni àǹtí mi dìde dúró: "Èèwọ̀! Ìbejì kẹ̀?") Mo wá rí i pé ìdajì gbólóhùn náà ti inú ìwé wá. Egungun ìdílé ni Silla fi ń to èèyàn nípò. Seonggol, ìyẹn egungun mímọ́, ló ga jù, Jingol ló tẹ̀ lé e. Samguk Yusa sọ ọ́ ní ṣókí pé ọkùnrin Seonggol ti tán, ìdí nìyẹn tí obìnrin fi jọba. Àwọn tó kọ fíìmù mú gbólóhùn yìí, wọ́n gbé e lọ síwájú ìbí rẹ̀, wọ́n fi ìbejì kún un. Irọ́ ni, àmọ́ irọ́ ẹni tó ti kàwé ni. Mo gbà fún wọn.

Mishil wá ńkọ́? Mishil ò sí nínú Samguk Sagi. Kò sí nínú Samguk Yusa. Inú ìwé kan tó ń jẹ́ Hwarang Segi ni wọ́n ti yọ ọ́, ìwé àfọwọ́kọ tó jáde sí gbangba lọ́dún 1989, tí àwọn òpìtàn Kòríà ṣì ń bá ara wọn jà lé lórí. Àwọn kan ní ẹ̀dà ìwé àtijọ́ ni; ọ̀pọ̀ ní Park Chang-hwa tó dà á kọ ló fi orí ara rẹ̀ hun ún. Ká tiẹ̀ ní òótọ́ ni, ọjọ́ orí ò jẹ́. Ìgbà Ọba Jinheung ni fíìmù ti fi Mishil hàn wá, ó ti dàgbà, ó ti lágbára. Jinheung kú lọ́dún 576. Ọdún 56 ló wà láàárín ikú rẹ̀ àti ìgbà tí Deokman gorí ìtẹ́. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Mishil inú fíìmù ò ní ewú kan lórí.

Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní kí n yọ ọ́ kúrò, n ò ní gbà. Ìwé ò sọ ẹni tó ń fa okùn láàfin nígbà tí Deokman ṣì kéré, ibi tí ìwé sì ti dákẹ́, ẹni tó mọ ìtàn-án sọ lè wọlé síbẹ̀. Go Hyun-jung tó ṣe Mishil gba àmì ẹ̀yẹ tó ga jù ní MBC lọ́dún náà, ó sì tọ́ sí i. Ìpín 50 ló kú. Ìpín méjìlá tó kù lẹ́yìn rẹ̀ dà bí ọbẹ̀ tí wọ́n ti kó ẹran inú rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ tó ká mi lára jù ni ti Bidam.

Ẹni tó bá wo fíìmù yìí ò ní gbàgbé Bidam láéláé. Kim Nam-gil ló ṣe é. Ọmọ tí Mishil bí tó gbé sọnù, oníjà, aláwàdà, ó nífẹ̀ẹ́ ọba, ọba nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀tàn da àárín wọn rú, ó di ọlọ̀tẹ̀, ó ń pa ogun kọjá láti dé ibi tí Deokman dúró sí, ó sì kú ku ìṣísẹ̀ díẹ̀. Gbogbo ilé wa ló sunkún lọ́jọ́ náà, títí kan èmi tí mo ń pè é ní irọ́.

Mo wá ṣí Samguk Sagi sí ọdún 647. Bidam ni Sangdaedeung, olórí àwọn ìjòyè. Òun àti Yeomjong dìtẹ̀. Kí ni wọ́n rí sọ? Wọ́n ní ọba obìnrin ò lè ṣàkóso dáadáa. Kò sí ìfẹ́ níbẹ̀, kò sí ẹni tó tan ẹnikẹ́ni. Obìnrin lẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n kà sí i lọ́rùn. Ọba wàjà lọ́jọ́ kẹjọ oṣù kìíní, ìjà ṣì ń lọ. Ọjọ́ kẹtàdínlógún ni wọ́n pa Bidam. Ẹni tó fẹ́ yọ ọ́ lórí ìtẹ́ nítorí pé obìnrin ni, òun ni fíìmù sọ di olólùfẹ́ rẹ̀. Samguk Yusa tiẹ̀ dárúkọ ọkọ fún un, Eum, tó jẹ́ oyè Galmunwang. Ọkọ yẹn ò rí ẹsẹ̀ gbé wọnú fíìmù, kí Bidam lè ráyè.

Ibi tí mo ti yàtọ̀ sí àwọn tó ń sọ pé "fíìmù náà ni, ẹ fi wọ́n sílẹ̀" nìyí. Mishil, àyè tó ṣófo ni wọ́n fi dí. Ti Bidam, ìwé ti sọ̀rọ̀, wọ́n sì yí i lẹ́nu. Ó dùn mí jù torí pé òtítọ́ yẹn gan-an ni ìbá mú ọmọbìnrin èyíkéyìí tó ń wò ó dìde jókòó dáadáa. Kì í sì í ṣe ọlọ̀tẹ̀ nìkan ló sọ bẹ́ẹ̀. Kim Bu-sik fúnra rẹ̀, tó ń kọ̀wé ní ọdún 498 lẹ́yìn ikú obìnrin yìí, fi èrò tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìtàn náà: ó ní orí ló kó Silla yọ tí kò parun, nígbà tí wọ́n gbé obìnrin sórí ìtẹ́. Ẹ ò rí i pé ẹni tí à ń gbójú lé fún òótọ́ náà ní tinú rẹ̀. Nígbà tí mo kà á, mo ti ìwé náà pa, mo lọ po gààrí mu.

Ìwé kan náà ló sì ní ìtàn tó dùn ju ìfẹ́ lọ. Nígbà ìjà yẹn, ìràwọ̀ kan já sí Wolseong, ibi ààfin. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ hó yèè, wọ́n ní àmì pé ọba máa ṣubú nìyẹn. Kim Yu-sin ṣe ọmọláńgidi kan, ó tiná bọ̀ ọ́, ó so ó mọ́ káìtì, ó fà á sókè lóru, ó wá ní kí wọ́n kéde pé ìràwọ̀ tó já lánàá ti padà sójú ọ̀run. Bí ẹlòmíì bá kọ èyí fún fíìmù, a ó ní ó ti sọ àsọdùn.

Ní ti aṣọ àti oúnjẹ, n ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ọdún 649, ọdún méjì lẹ́yìn ikú Deokman, ni ààfin Silla gba aṣọ ilẹ̀ Tang wọ̀; bí aṣọ ìjòyè bá jọ ti Ṣáínà jù ṣáájú ìgbà yẹn, ẹ fura. Bí ẹ bá sì rí kimchi pupa, ewébẹ̀ kíkan aláta tí àwọn ará Kòríà máa ń jẹ, níwájú ọba Silla nínú fíìmù èyíkéyìí, ẹ rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ata ti wá, kò dé Kòríà títí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún fi dé. Àwa tí à ń fi ata yangàn náà, ibẹ̀ náà ni tiwa ti wá, nítorí náà ká má fi Kòríà ṣe yẹ̀yẹ́ jù.

Jumong, tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀ ju èyí lọ, burú jù ní ti irú nǹkan wọ̀nyí. Ìpín 81, MBC kan náà, 2006 sí 2007. Ọdún 37 ṣáájú ìbí Kristi ni wọ́n ní Jumong dá Goguryeo, ìjọba Kòríà àtijọ́ mìíràn, sílẹ̀. Gbogbo ẹlẹ́ṣin inú fíìmù ló ki ẹsẹ̀ bọ irin gàárì, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí 300 ọdún lẹ́yìn ìbí Kristi ni irin ẹsẹ̀ méjèèjì yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn ní agbègbè ibẹ̀. N ò bá wọn jà lórí ìyẹn, torí bí òṣèré bá já bọ́ lórí ẹṣin, ta ló máa tọ́jú rẹ̀? Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni ẹyin. Fíìmù mú ẹyin kúrò kí ìtàn lè jọ òótọ́: Hae Mosu, bàbá Jumong, di jagunjagun lásán, Jumong di ọmọ tí obìnrin bí bí wọ́n ṣe ń bímọ. Ṣùgbọ́n òkúta ńlá Ọba Gwanggaeto, tí ọmọ rẹ̀ gbé dúró lọ́dún 414, tó ga ju mítà mẹ́fà lọ, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí pé inú ẹyin ni baba ńlá wọn ti jáde, pé àwọn ìjàpá odò léfòó kó lè fi ẹ̀yìn wọn sọdá. Ìyẹn ni ọmọ Goguryeo fúnra wọn sọ nípa ara wọn. Samguk Sagi tó sọ ìtàn Jumong fún wa ti jìnnà sí ìgbà Jumong ní ohun tó lé ní 1,100 ọdún. Nítorí náà, ìjàpá tí mo ní kò sí níbẹ̀ wà níbẹ̀.

Ìdí tún wà tí Jumong fi ń fi àwọn ará Han, ìyẹn ìjọba Ṣáínà ìgbà náà, ṣe ọ̀tá tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2002, Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ńlá kan tó ka Goguryeo mọ́ ìtàn tirẹ̀. Inú bí Kòríà. Lọ́dún 2006 nìkan, Jumong, Yeon Gaesomun àti Dae Jo-yeong ló bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ibẹ̀, gbogbo wọn lórí Goguryeo àti Balhae tó jogún rẹ̀. Ẹni tó ń du ogún baba rẹ̀ kì í fara balẹ̀ wọn ọ̀rọ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ wo Queen Seondeok, ẹ wá ibi tí èèyàn ti túmọ̀ rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ibi tí mo ti kọ́kọ́ wò ó lọ́tẹ̀ yìí, dátà mi lọ lófo: wọ́n pe Saeju, oyè Mishil, ní ayaba, wọ́n pe Sangdaedeung ní mínísítà, wọ́n sì kọ orúkọ Bidam bí ẹni kọ orúkọ oògùn. Mo fún eré náà ní ìràwọ̀ mẹ́rin àtààbọ̀ nínú márùn-ún. Fún ìtàn, mẹ́ta. Méjì ni ì bá jẹ́, Hwarang àti egungun mímọ́ ló fi ọ̀kan kún un.

Àǹtí mi ti ń bá mi tún un wò báyìí lọ́jọ́ọjọ́ Sunday lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ìpín 38 la wà. N ò tíì sọ ọ̀rọ̀ Bidam fún wọn.