Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Pàjáwìrì fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì n'Íbàdàn: Ó Dára, Ṣùgbọ́n Ó Kù Síbì Kan

Iléeṣẹ́ aládàáni kan n'Íbàdàn ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ méjì fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, lórí ipa tí akẹ́kọ̀ọ́ lè kó nígbà tí ìkọlù tàbí ìbúgbàù bá ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn léṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mò ń kọ́ lọ, mo sì jókòó tì wọ́n títí dé òpin. Ará Ìbàdàn kankan kò ní bèèrè ìdí tí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ fi yẹ, nítorí ojú wa ló ṣe ní ọjọ́ 16 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, nígbà tí àwọn ohun abúgbàù tí wọ́n kó pamọ́ sínú ilé kan ní Bódìjà dún, tó pààyàn, tó sì ṣe àwọn tó lé ní 70 léṣe. Ti ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀, níbi tí àwọn agbébọn ti pa ó kéré tán èèyàn 40 ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, kò tíì kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni.

Ohun tí mo yìn jù lọ ni bí wọ́n ṣe kọ́ni ní ìlànà START, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n fi ń yára pín àwọn olùfarapa sí ìsọ̀rí láti mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní California ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1983. Nọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ lò ju ìṣẹ́jú kan lọ lórí ẹnì kan. Ẹni tó bá lè dìde rìn yóò gba káàdì aláwọ̀ ewé. Ẹni tí kò mí, tí kò sì mí lẹ́yìn tí wọ́n la ọ̀nà èémí rẹ̀, yóò gba dúdú. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í mí lẹ́yìn tí wọ́n la ọ̀nà èémí rẹ̀, tàbí tó ń mí ju ìgbà 30 lọ ní ìṣẹ́jú kan, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ kò tètè padà sí èékánná rẹ̀ nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, tàbí tí kò lè ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe, yóò gba pupa, ìyẹn ẹni tí wọn yóò kọ́kọ́ tọ́jú. Àwọn yòókù yóò gba ìyeyè, ìyẹn àwọn tó lè dúró díẹ̀. Ó rọrùn láti há sórí, ṣùgbọ́n ó nira púpọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti kọ́ láti má fi aláìsàn sílẹ̀, pé kó ré ẹni tí kò mí mọ́ kọjá lọ bá ẹlòmíràn. Olùkọ́ náà kò sáré kọjá ibẹ̀, ó sì jẹ́ kí wọ́n sọ bó ṣe rí lára wọn.

Èdè ni mo bá wọn jà lé lórí. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi pa gbogbo àṣẹ tí wọ́n fi ń dán làákàyè olùfarapa wò. Bí ìyá arúgbó láti ọjà Ọjàọba kò bá dáhùn, ó lè jẹ́ pé kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni, káàdì pupa tí kò tọ́ sí i yóò sì gba àyè ẹlòmíràn. “Màmá, ẹ di ọwọ́ mi mú” ti tó. Fún ọjà Ṣáṣá, ó yẹ kí wọ́n mọ̀ ọ́n sọ ní Hausa pẹ̀lú.

Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé orí pápá ni gbogbo ìdánrawò náà ti wáyé, bí ẹni pé áḿbúláǹsì ni yóò máa kó èèyàn wá létòlétò. Nílùú wa, ọkọ̀ aládàáni, kẹ̀kẹ́ Máruwá àti ọ̀kadà ni wọ́n sábà ń gbé wọn dé, àwọn tí ọgbẹ́ wọn kò pọ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ dé, tí bẹ́ẹ̀dì á ti kún kí ẹni tó wà lẹ́sẹ̀ kan ayé, ẹsẹ̀ kan ọ̀run tó wọlé. Ẹnu géètì ilé ìwòsàn gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ ti wúlò jù, láti pín káàdì, láti kọ orúkọ sílẹ̀, láti darí àwọn tó lè rìn síbòmíràn, kí ó sì fi sùúrù dá àwọn ẹbí dúró. Wọn kò fi èyí dánra wò rárá.

Wọ́n ṣàlàyé òfin ọdún 2017 dáadáa, èyí tó pàṣẹ pé kí ilé ìwòsàn tọ́jú ẹni tí ìbọn bà, ì báà mú ìwé ọlọ́pàá wá tàbí kó má mú un wá. Wọ́n sì tẹnu mọ́ ọn pé akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ sáré wọ ibi ìkọlù kí àwọn agbófinró tó yẹ ibẹ̀ wò, àti pé abẹ́ nọ́ọ̀sì tó ní ìwé àṣẹ ni yóò ti máa ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n tourniquet, ìyẹn okùn tí wọ́n fi ń fún apá tàbí itan pinpin kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, kò kárí. Àwọn kan lọ sílé láìfọwọ́ kàn án, owó tí wọ́n sì gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo gba àwọn ilé-ẹ̀kọ́ níyànjú láti sanwó rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù pàjáwìrì, kì í ṣe fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Kí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè iye tourniquet tí iléeṣẹ́ náà yóò kó wá, kí wọ́n sì ní kí ìdánrawò ọjọ́ kejì wáyé ní ẹnu géètì ilé ìwòsàn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ti ń ṣiṣẹ́.