Àgbéyẹ̀wò: Ṣọ́ọ̀bù tí mo gbé písítìnì mẹ́rin lọ fọ̀ ní Ìbàdàn

Ohun tí ó mú mi jókòó kọ èyí ni ohun tí mo fojú ara mi rí ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, nígbà tí mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń fọ ẹ́ńjìnì, tí mo sì bá ọ̀kan nínú písítìnì mi, ohun tí ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnì, nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, tí omi ń hó yaya lé e lórí láìsí iná kankan lábẹ́ rẹ̀. N kò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ gbé písítìnì lọ fọ̀ níbikíbi yóò rí ohun tí ó yẹ kí ó ṣọ́ nínú ìtàn mi.

Camry ọdún 2007, èyí tí a ń pè ní Muscle, ni mò ń wà. Ó ti tó ọdún kan tí ó ti ń jẹ ọ́ìlì. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, mo gbọ́dọ̀ fi lítà kan kún un, èéfín aláwọ̀ aró sì máa ń tú lẹ́yìn rẹ̀ ní gbogbo òwúrọ̀. Mo lọ́wọ́ nínú rẹ̀, nítorí pé mo máa ń jẹ́ kí ọ́ìlì pẹ́ nínú ẹ́ńjìnì ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ti ra omi tí wọ́n ní kí n máa dà sínú epo bẹntiróòlù kí ó lè fọ kábọ́ọ̀nù, èérí dúdú tí epo àti ọ́ìlì tó jó ń fi sílẹ̀, mo lo ìgò mẹ́ta tán, n kò rí ìyàtọ̀. Ìgbà tí mẹkáníìkì mi tú ẹ́ńjìnì náà ni a tó rí ohun tí ń ṣe é. Ríǹgì tí ó yẹ kí ó máa ha ọ́ìlì kúrò lára ògiri sìlíńdà, ihò tí písítìnì ń rìn nínú rẹ̀, ti gan mọ́ inú ipa rẹ̀ lára písítìnì, kábọ́ọ̀nù ti dí àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí ọ́ìlì ń gbà padà sísàlẹ̀, orí písítìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dúdú bí ìdí ìkòkò orí ààrò. Ògiri sìlíńdà dára, kò sí ojú ìfarapa níbẹ̀, nítorí náà mẹkáníìkì ní kí n má wulẹ̀ wá ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ kiri, kí a fọ písítìnì, kí a sì ra ríǹgì tuntun. Òun ni ó júwe ṣọ́ọ̀bù yìí fún mi.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀, inú mi dùn sí ọ̀gá náà. Kí ó tó gba písítìnì lọ́wọ́ mi, ó wo àmì tí ó wà lórí wọn tí ó ń fi iwájú ẹ́ńjìnì hàn, ó sì kọ 1 dé 4 sí abẹ́ wọn kí kálukú lè padà sí sìlíńdà tí ó ti jáde. Ó gba ₦12,000, ó ní kí n padà wá ní ọjọ́ Mọ́ńdè.

Ọjọ́ Sátidé ni mo yà níbẹ̀, nítorí pé mo ti ra ríǹgì ní Agodi Gate, mo sì fẹ́ kí ọ̀gá bá mi wò ó. Wọ́n ní ó lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan, tí n kò rò pé ó ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ, ni ó wà nídìí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Kí n tó rí ohun tí ó wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì náà ni ooru rẹ̀ ti gún mi nímú, mo sì ti mọ ohun tí ó jẹ́. Ọṣẹ ni ìyá mi ń sè tà títí ó fi jáde láyé. Ìkòkò irin àti bọ́kẹ́ẹ̀tì rọ́bà ni ó ń lò, bí èyíkéyìí nínú àwa ọmọ bá sì fi abọ́ alumíníọ̀mù bu omi kọ́sítíìkì, igbe ni yóò ké, nítorí pé omi náà yóò jẹ abọ́ náà lu lójú wa.

Mo bi ọmọ náà pé, "Kí lo dà sínú omi yìí?"

Ó ní, "Kọ́sítíìkì ni, Mọ́mì. Òun la fi ń fọ búlọ́ọ̀kù."

"Ta ló ní kí o fi fọ písítìnì?"

"Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀, mà. Kábọ́ọ̀nù yẹn ló le, mo ní kí ó tètè bọ́."

Òótọ́ ni ọmọ náà sọ nípa búlọ́ọ̀kù, ìyẹn ara ẹ́ńjìnì tí sìlíńdà wà nínú rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù onírin ti àwọn ọkọ̀ akẹ́rù lè sùn nínú omi kọ́sítíìkì mọ́jú, kí ó sì jáde ní mímọ́, nítorí pé kọ́sítíìkì kì í jẹ irin. Alumíníọ̀mù, tí wọ́n fi ṣe písítìnì, kò rí bẹ́ẹ̀. Awọ tín-ínrín tí ó ń dáàbò bò ó ni kọ́sítíìkì yóò kọ́kọ́ bó, lẹ́yìn náà yóò máa jẹ alumíníọ̀mù náà fúnra rẹ̀, gáàsì háídírójìn yóò sì máa tú jáde. Gáàsì yẹn ni ó ń mú omi hó, ó sì lè gbiná bí ẹnikẹ́ni bá ṣá ìṣáná nítòsí rẹ̀.

Mo ké sí i pé kí ó fi igi yọ ọ́. Ọwọ́ lásán ni ó kì bọ̀ ọ́ kí n tó pari ọ̀rọ̀ náà. Mo gbàgbé písítìnì. Mo fà á lọ sídìí ẹ̀rọ omi, mo sì jẹ́ kí omi máa ṣàn sí i lọ́wọ́ títí ó fi ní kò yọ̀ mọ́, nítorí pé bí kọ́sítíìkì bá ti ń yọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn, awọ ara ni ó ń sọ di ọṣẹ. Kò sí ibọ̀wọ́ kan ṣoṣo nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Inú bí mi débi pé ohùn mi ń gbọ̀n.

Nígbà tí ọ̀gá dé, písítìnì kejì, èyí tí a yọ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ti wà lórí tábìlì. Kábọ́ọ̀nù ti lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ara rẹ̀ ti di àwọ̀ eérú dúdú, nítorí sílíkọ́nì tí wọ́n pò mọ́ alumíníọ̀mù rẹ̀, èyí tí kọ́sítíìkì kò tètè jẹ, ni ó kù sójú. Bí mo ṣe fi èékánná kàn án, ó ń rí ṣáṣáṣá, ìpara dúdú tí ilé iṣẹ́ fi pa á ní ẹ̀gbẹ́ sì ti ṣí. Ọ̀gá ní kò ṣe nǹkan kan, pé sáńpépà yóò mú un dán. Mo ní kí ó wọ̀n ọ́n. A yá sìkéèlì lọ́wọ́ obìnrin tí ó ń ṣe kéèkì ní òdìkejì títì, ọ̀gá sì fọ písítìnì kìn-ín-ní mọ́ kí a lè fi wé e. Ti kejì fi gíráàmù méje fúyẹ́ jù ú lọ. Ó gbé irin tí wọ́n fi ń wọn fífẹ̀ rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó sì jókòó.

Lẹ́yìn náà ni ó sọ pé, "Mọ́mì, ọwọ́ wa ló ti bàjẹ́. Èmi ni n ó rà á." Kò bú ọmọ náà lójú mi, ó sì dọ̀bálẹ̀ láti bẹ̀ mí, bẹ́ẹ̀ ni n kò rò pé mo jù ú lọ púpọ̀ lọ́jọ́ orí.

Láti ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí mẹkáníìkì mi rí lára rẹ̀. Ó ní kí n wá àga, òun fúnra òun ni yóò fọ èyí tí ó kù lójú mi. Písítìnì kẹta àti ìkẹrin ti sùn sínú dísẹ́ẹ̀lì láti ọjọ́ Fúráìdé, kábọ́ọ̀nù orí wọn sì ti ń rọ̀. Ó fọ́n omi ìfọ kábúrétọ̀ sí i, ó fi igi pẹlẹbẹ ha á, kò fi ọ̀bẹ kàn án. Ó kọ búrọ́ọ̀ṣì onírin sílẹ̀, ó ní ipa tí ó bá fà sára písítìnì ni kábọ́ọ̀nù tuntun yóò tún rọ̀ mọ́. Fún inú ipa ríǹgì, ó ṣẹ́ ríǹgì àtijọ́ sí méjì, ó fi fáìlì rẹ́ ẹnu rẹ̀ kí ó tẹ́, ó sì ń fà á yí písítìnì ká díẹ̀díẹ̀. Ó fi ohun tí ó ń bọ́ hàn mí lórí àtàǹpàkò rẹ̀: ìyẹ̀fun dúdú, gbígbẹ, bí èédú tí a lọ̀. Ó ní, "Bí ẹ bá rí i tí ohun tó ń bọ́ ń dán, ẹ dúró. Ara písítìnì lẹ ti ń ha yẹn. Bí ipa náà bá fẹ̀ jù, ríǹgì á máa mì nínú rẹ̀, ọ́ìlì á tún máa gòkè." Ìka ni ó fi yí bíìtì tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń lu ihò nínú àwọn ihò ọ́ìlì, kò so ó mọ́ ẹ̀rọ. Nígbà tí ó tán, ó da kẹrosíìnì sínú ipa náà, a sì jọ ń wo bí ó ṣe ń kán láti inú ihò kọ̀ọ̀kan. Méjì kò kán. Ó tún padà sí wọn. Wákàtí mẹ́ta ni ó lò lórí písítìnì méjì, mo sì fẹ́ràn gbogbo ìṣẹ́jú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi wọ kẹ̀kẹ́ kí ó tó rí písítìnì tòkunbọ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti àwọn yòókù mu. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, bí n kò bá pè é, kò ní pè mí. Kò fún mi ní ìwé ẹ̀rí owó. Ó ra písítìnì náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dá kọ́bọ̀ padà nínú ₦12,000 fún àkókò tí mo pàdánù.

Ó ti pé oṣù mẹ́rin báyìí tí a ti to ẹ́ńjìnì náà padà. Mo ti wà á lọ sí Ìlọrin ní àlọ àti àbọ̀, ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì kò sọ̀ kalẹ̀, èéfín àárọ̀ sì ti dáwọ́ dúró. Bí ẹ bá fẹ́ lọ síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá ọ̀gá wà nílé, ẹ gbé àga dání, kí ẹ má sì fi písítìnì sílẹ̀ kí ẹ máa lọ.

Mo fún wọn ní 4 nínú 5. Mo yọ ọ̀kan nítorí pé mo kọjá níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó lọ, ọmọ náà wà nídìí bọ́kẹ́ẹ̀tì, n kò sì tíì rí ibọ̀wọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.