Ọkọ̀ alájẹ̀ lọ sí Ganvié: ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́ńjìnnì máa lọ

Ọmọ Ìlàjẹ ni mí. Kí n tó pé ọmọ ọdún 12 ni mo ti ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ kiri odò wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi rẹ́rìn-ín nígbà tí àwọn tá a jọ lọ ra aṣọ ní ọjà Dantokpa, ní Kútọnu, ní ká lọ sanwó ọkọ̀ ká lè wo Ganvié, abúlé tí wọ́n kọ́ sórí omi. Èmi náà? Kí n sanwó lọ wo ilé orí omi? Mo bá wọn lọ ṣáá.

Èbúté Abomey-Calavi lẹ ó ti wọkọ̀. Ẹlẹ́ńjìnnì yára, ó sì ní ìbòrí, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ nǹkan kan. Ẹ mú alájẹ̀. 10,000 sẹ́fà ni wọ́n kọ́kọ́ pè fún àwa mẹ́rin, a ná an títí ó fi wálẹ̀ sí 7,000. Ẹ má sanwó kẹ́ ẹ tó ná an o.

Pákó ni wọ́n kàn pọ̀ fi ṣe ọkọ̀ tiwa, kì í ṣe èyí tí wọ́n gbẹ́ látinú igi kan ṣoṣo bíi ti bàbá mi àgbà. Wọ́n fi ọ̀dà dí ojú rẹ̀, síbẹ̀ omi ń yọ́ wọlé. Ọ̀sà Nokoué kò jìn nísàlẹ̀, ọ̀pá gígùn ni ọlọ́kọ̀ ń fi ti ilẹ̀ níbi púpọ̀, ó sì kàn ń fa àjẹ̀ yọ níbi tí ọ̀pá kò bá ti balẹ̀ dáadáa. Ó ti gbé Màkókò rí, nítorí náà Yorùbá rẹ̀ já gaara. Òun ló sọ fún wa pé nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ń kó èèyàn tà fún òyìnbó, àwọn baba ńlá wọn, àwọn Tofinu, wọkọ̀ sá sórí omi, torí pé èèwọ̀ ni fún àwọn jagunjagun Fọ̀n, ìyẹn àwọn ará Dàhòmì náà, láti jagun níbẹ̀. Mo ronú sí i: ọkọ̀ náà ni wọ́n fi ń kó ẹrú gba ojú ọ̀sà lọ sí Badagry, ọkọ̀ náà ló sì gba àwọn wọ̀nyí là.

Ẹ ní kó bá yín yà síbi akaja. Ẹ̀ka igi ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ nínú omi, ẹja á wá sá sábẹ́ rẹ̀ máa jẹun, lẹ́yìn náà ni wọ́n á ta àwọ̀n yí i ká. Ní Ìlàjẹ, àwa ń lépa ẹja. Níbí, wọ́n kọ́lé fún un.

Ṣùgbọ́n ọjà orí omi ló tẹ́ mi lọ́rùn jù. Ìyá kan gbé ìrẹsì àti ẹja díndín sínú ọkọ̀ rẹ̀. Oníbàárà fi ọkọ̀ tirẹ̀ sún mọ́ ọn, ó na àwo. Ìyá yẹn fi ọwọ́ òsì di etí ọkọ̀ kejì mú, ó fi ọ̀tún bu oúnjẹ, ó gbowó, ó fún un ní ṣéńjì, ó tó jọ̀wọ́ ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó dìde nínú àwọn méjèèjì. Ẹ má ya fọ́tò wọn láìtọrọ àyè. Fìlà etí ńlá tí wọ́n dé ni wọ́n fi ń bo ojú.

Ohun tí kò dára: jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, méjì péré ló wà fún àwa mẹ́rin. Ọlọ́kọ̀ wa tún gbé wa lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníṣọ̀nà kan tá ò bẹ̀ ẹ́ sí, a lo ìṣẹ́jú 30 níbẹ̀. Nígbà tá à ń padà bọ̀, omi inú ọkọ̀ ti dé ọrùn ẹsẹ̀, ó bá gbé kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé sí méjì lé mi lọ́wọ́ pé ọmọ olómi ni mí, kí n gbọ́n ọn. Mo gbọ́n omi dé èbúté. 7,000 náà ló gbà, kò yọ kọ́bọ̀.