Steyr, Morini àti Baikal: ìbọn ìléwọ́ alátẹ́gùn mẹ́ta nínú ooru àti eruku Àbújá

Ẹni tó bá ń retí àríyànjiyàn lórí Glock àti CZ, àwọn ìbọn ìléwọ́ tó ń lo ẹ̀tù, níbí, kó má bínú: ìbọn ìléwọ́ alátẹ́gùn, tó ń fi afẹ́fẹ́ ti ọta jáde, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Àríyànjiyàn yẹn wà fún àwọn tó ń yìnbọn ìdíje IPSC, èyí tí wọ́n ti ń sáré yìnbọn, lókè òkun, tí wọ́n lè ra èyí tó bá wù wọ́n. Àwọn kan nínú wọn kò lè fi CZ Shadow 2 sílẹ̀ torí pé irin ni, ó wúwo, kì í sì í fò sókè lọ́wọ́. Àwọn mìíràn ní Glock ni tàwọn, wọn ò rántí ìgbà tó há kẹ́yìn. Ní Nàìjíríà, Òfin Ìbọn 1959 fi ìbọn ìléwọ́ tó ń lo ẹ̀tù sí ìpín àkọ́kọ́, èyí tí aráàlú kò gbọdọ̀ ní láìsí ìwé àṣẹ Ààrẹ. Ìbọn ìléwọ́ alátẹ́gùn wà ní ìpín kejì, Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ló ń fọwọ́ sí tiẹ̀. Òun náà fẹ́ ìwé o, ẹ má fojú di í torí pé kì í dún gbàù.

Ìdíje rẹ̀ rọrùn láti ṣàlàyé, ó le láti ṣe. Mítà 10 ni, ọwọ́ kan ṣoṣo, ọta 4.5 mm, ọgọ́ta ìgbà láàárín ìṣẹ́jú 75. Àárín àmì, ibi tí máàkì mẹ́wàá wà, fẹ̀ tó 11.5 mm péré, bí bọ́tìnnì ẹ̀wù. Ìbọn kò gbọdọ̀ wúwo ju gíráàmù 1,500 lọ, tírígà rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ fúyẹ́ ju gíráàmù 500 lọ. Nínú irú ìbọn yìí, tí ẹ bá dè é mọ́ tábìlì, gbogbo wọn ló máa fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ojú ihò kan náà. Nítorí náà, mi ò ní í fi àkókò ṣòfò lórí èyí tó ń bà á jù. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni èyí tí kò ní í já mi kulẹ̀ ní ìlú tí a kì í ti í rí ẹni tún un ṣe.

Steyr LP10 àlòkù ni mo ń gbé lọ sí ìdíje. Ọ́sítríà ni wọ́n ti ṣe é, Evo 10 ló sì rọ́pò rẹ̀. Irin kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń sún síwá-sẹ́yìn nígbà tí ọta bá jáde, kí ìbọn má baà mì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ yìn ín máa ń bi mí pé ṣé ó tiẹ̀ jáde ni. Tírígà rẹ̀ ló mú mi: ìka á kọ́kọ́ rìn díẹ̀, á wá kan ohun kan tó dúró gbọn-in, ibẹ̀ lẹ ó ti dúró, tí ẹ ó fi wojú ìbọn dáadáa, kó tó yọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Irin lásán ni gbogbo rẹ̀, kò ní wáyà, kò ní bátìrì. Mo ti tú u palẹ̀ lórí tábìlì ìjẹun, mo sì tò ó padà. Ìyàwó mi kò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ìṣòro Steyr ni ìṣòro gbogbo ìbọn tó ń lo sílíńdà, ìyẹn ìgò tí wọ́n ń ki afẹ́fẹ́ sí: níbo lẹ ó ti rí afẹ́fẹ́? 200 bar ni sílíńdà náà ń gbà; bar ni wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́. Ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ fọganáísà, nítorí ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ táyà kò lè dé ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wẹ́dà kankan fi ọ́síjìn kún un fún yín láé. Tí ọ́síjìn bá pàdé gírísì nínú agbára tó tó bẹ́ẹ̀, ó lè bú gbàmù. Èyí tó kù ni sílíńdà ńlá irú èyí tí àwọn tó ń rì sísàlẹ̀ òkun máa ń gbé sẹ́yìn, Àbújá kò sì ní òkun, tàbí kẹ̀, póńpù ọwọ́.

Póńpù ọwọ́ ni mo ń lò. Ẹ ó tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń gúnyán, ẹ ó sinmi kó tutù, ẹ ó tún tẹ̀ ẹ́. Tí ẹ kò bá jẹ́ kó sinmi, ooru á jẹ róbà inú rẹ̀. Nígbà òjò, omi inú afẹ́fẹ́ máa ń bá a wọlé, ẹ gbọ́dọ̀ máa tú ìdí póńpù kó lè ṣàn dànù. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbẹ, ó dára gan-an fún un, àfi pé eruku tó ń ti aṣálẹ̀ bọ̀ náà fẹ́ wọlé. Mo máa ń da aṣọ tó mọ́ bo ẹnu ibi tó ti ń fa atẹ́gùn, yàrá sì ni mo ti ń ṣe é, kì í ṣe ìta. Sílíńdà kì í sùn nínú mọ́tò lóṣù kẹta, oòrùn Àbújá kò ṣeé bá ṣàwàdà. Tí ẹ bá sì fẹ́ wọ bàálù, ẹ tú atẹ́gùn inú rẹ̀ dànù pátápátá kí ẹ tó dé pápákọ̀.

Ọ̀rọ̀ róbà tó ń dí afẹ́fẹ́ mọ́lé: ilé iṣẹ́ akẹ́rù kan di àpò kékeré mi mú nítorí pé wọ́n kọ "gun" sára ìwé rẹ̀. Róbà róbóróbó ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, èyí tó lè wọ ìka ọmọdé. Ẹ máa ra púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Mo yá Morini CM 162EI lò fún ìgbà díẹ̀. Iná mànàmáná ló ń ṣiṣẹ́ tírígà rẹ̀, kò sí irin tó ń fi ara ha irin, ìdí nìyẹn tó fi máa ń já bí ẹni já òwú. Kim Ye-ji ará Gúúsù Kòríà gba fàdákà pẹ̀lú Morini ní ìdíje Òlíńpíìkì Paris lọ́dún 2024, ẹni tó bá sì ti fọwọ́ kàn án kò ní í bi mí pé kí nìdí. Ẹ tún lè fi í ṣe ìdánrawò láìsí ọta, ẹ kàn ń fa tírígà lójú ògiri funfun. Ṣùgbọ́n bátìrì ni. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ó ní, "Àbúrò, ohun tó bá ń bèèrè bátìrì lọ́wọ́ mi, fóònù ni." Mo rò pé ó ṣàsọdùn, bátìrì náà kì í tètè tán. Morini tiẹ̀ ń ṣe èyí tí kò ní bátìrì, 162MI, fún irú wọn. Àmọ́ ní tèmi, mi ò fẹ́ ohun tí mi ò lè fi sukurú tún ṣe.

Irin pàápàá kì í ṣe ẹ̀dá àìkú. Ní Òlíńpíìkì Tokyo lọ́dún 2021, ọ̀pá tí Manu Bhaker ará Íńdíà fi ń ṣí ìbọn rẹ̀ láti ki ọta ṣẹ́ láàárín ìdíje. Nígbà tó fi padà sórí ìlà, àkókò ti lọ. Máàkì 575 ló gbà, máàkì méjì péré ló kù kó wọ àṣekágbá. Ó gba idẹ méjì ní Paris lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ wo bí ohun kékeré ṣe lè dá ẹni tó mọṣẹ́ dúró.

Baikal IZH-46M ti Rọ́ṣíà ni àwọn èèyàn máa ń rẹ́rìn-ín sí. Ó rí gbàǹgbà, igi ọwọ́ rẹ̀ sì rí bí èyí tí wọ́n fi àáké gbẹ́. Kò ní sílíńdà rárá: ẹ ó fa irin abẹ́ rẹ̀ síwájú, ẹ ó tì í padà, atẹ́gùn ọta kan ti wọlé nìyẹn. Ọwọ́ òsì máa mọ̀ ọ́n lára kí ọta ọgọ́ta tó tán. Àmọ́ bó ṣe yìn lóṣù kìíní náà ló ṣe ń yìn nígbà òjò, owó rẹ̀ kò sì sún mọ́ ti àwọn méjì yòókù, tí wọ́n ń ju ẹgbẹ̀rún kan Yúrò lọ. Òun ni mo máa ń ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rà. Káfíńtà kan ní Kubwa fi sánpépà àti pọ́tì tún ọwọ́ tèmi ṣe títí ó fi bá àtẹ́lẹwọ́ mi mu, ó sì ń bi mí títí pé iṣẹ́ kí ni mo ń fi ṣe.

Tí ẹ bá fẹ́ ra Steyr tàbí Morini àlòkù, ẹ kọ́kọ́ bèèrè fọ́tò ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sára sílíńdà, kí ẹ tó bèèrè iye. Ọdún mẹ́wàá lòfin ìdíje fún un, lẹ́yìn náà wọ́n lè dá yín padà níbi àyẹ̀wò. Sílíńdà tuntun kì í ṣe owó kékeré, ẹni tó ń tà á fún yín sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.